IOMMU: Oníbodè tó ń ṣọ́ mẹ́mórì inú kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ọ̀rọ̀ aṣínà ni kí ẹ fi ti ẹ̀rọ yín pa, kí ẹ má sì ṣí lẹ́tà ẹni tí ẹ kò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹnu mìíràn wà lára ògiri yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà rárá. Ẹnu náà ni àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà, bíi káàdì nẹ́tíwọ̀kì, káàdì àwòrán àti dísìkì tí a ń kó fáìlì sí, ń gbà wọ inú mẹ́mórì lọ tààrà, láìsí pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Oníbodè kan wà tí a dá sílẹ̀ nítorí ẹnu ọ̀nà yìí. IOMMU ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà jẹ́ ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó mẹ́mórì fún ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ gbogbo ẹrù tí ẹ̀rọ bá fẹ́ gbé wọ inú mẹ́mórì wò, àti èyí tó bá fẹ́ gbé jáde níbẹ̀, kó sì dá èyí tí kò ní àṣẹ padà. A fẹ́ ṣàlàyé bí oníbodè yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdí tí ewu fi wà nínú kí a fi ẹ̀rọ lé ètò ìgboro lọ́wọ́ láìsí i, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè mọ̀ bóyá ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yín.

Ààfin àti ìgboro

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a fi inú kọ̀ǹpútà wé ìlú olódi kan. Ààfin wà láàárín ìlú náà. Nínú ààfin yìí ni kernel ń gbé, ìyẹn ètò tó jẹ́ olórí nínú Windows, Linux tàbí macOS. Kò sí ibi tí ọwọ́ kernel kò lè dé nínú ìlú, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ìta ààfin ni ìgboro, níbi tí àwọn ètò yòókù ń gbé: èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà, èyí tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí a fi ń gbọ́ orin. Olúkúlùkù wọn ló ní agboolé tirẹ̀, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ yọjú sí agboolé ẹlòmíràn.

Báwo ni kernel ṣe ń rí i dájú pé ìgboro kò dà rú? Ọgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì ló ń lò. Mẹ́mórì dà bí àdúgbò ńlá kan tí gbogbo ilé inú rẹ̀ ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ètò ìgboro mọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà gidi. Bí ètò kan bá ní òun fẹ́ mú ohun tó wà ní nọ́ńbà 1000, ẹ̀yà kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní MMU, yóò kọ́kọ́ wo ìwé tí kernel kọ nítorí ètò náà, yóò sì fi nọ́ńbà gidi rọ́pò èyí tí ètò náà dá. Bí ètò mìíràn bá dárúkọ nọ́ńbà 1000 kan náà, ibi ọ̀tọ̀ ni MMU yóò mú un lọ, nítorí pé ìwé tirẹ̀ yàtọ̀. Bí nọ́ńbà tí ètò kan dá kò bá sì sí nínú ìwé rẹ̀ rárá, MMU yóò dá a dúró, yóò sì fi tó kernel létí. Ojú-ewé ojú-ewé ni wọ́n pín mẹ́mórì sí nínú ìwé yìí, báìtì 4,096 ló sì sábà máa ń wà nínú ojú-ewé kan.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ètò ìkọ̀wé bá kú lójijì, orin tí ẹ ń gbọ́ kì í dúró. Agboolé kan ló jó, iná náà kò ràn dé ilé kejì.

Dráífà nínú ààfin

Gbogbo ẹ̀rọ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní dráífà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà tí àwa sọ di dẹ́rẹ́bà ni orúkọ náà ti wá, iṣẹ́ wọn sì jọra: bí mọ́tò ṣe wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ dráífà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, inú ààfin ni ọ̀pọ̀ dráífà ń gbé pẹ̀lú kernel, nítorí pé àṣẹ tí wọ́n ń pa fún ẹ̀rọ kì í ṣe irú èyí tí a ń fi lé ará ìgboro lọ́wọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí ètò bá ṣe ní ìgboro, orí ara rẹ̀ ni yóò mọ. Àṣìṣe tí dráífà bá ṣe nínú ààfin, gbogbo ìlú ni yóò kàn. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà yẹ kernel Linux wò, wọ́n sì rí i pé bí àṣìṣe ṣe pọ̀ tó nínú dráífà lè ju ti apá yòókù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí ìlọ́po méje. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Washington kọ ọ́ sínú ìwádìí wọn pé nínú 100 ìgbà tí wọ́n bá mú ẹjọ́ wá pé Windows XP dákú, dráífà ló wà nídìí 85. Ẹni tó bá lo Windows láyé ìgbà náà yóò rántí ojú aláwọ̀ búlúù tó máa ń yọ lójijì, tí gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn kò tíì fi pamọ́ yóò sì ṣòfò.

Èyí ló mú kí àwọn kan dá a lábàá pé kí a kó dráífà kúrò láàfin, kí wọ́n lọ máa gbé ní ìgboro bí àwọn ètò yòókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Tanenbaum àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìlú Amsterdam gbé MINIX 3 jáde ní ọdún 2005 lórí ìpìlẹ̀ èrò yìí. Nínú MINIX 3, bí dráífà kan bá kú, ètò kan tó ń ṣọ́ wọn yóò jí òmíràn dìde sí ipò rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìdí kejì tí àwọn ènìyàn fi ń fẹ́ dráífà ní ìgboro ni ìyára. Ẹ wo káàdì nẹ́tíwọ̀kì tó lè gba bíìtì bílíọ̀nù mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ìdì tó kéré jù lọ ló ń dé sórí rẹ̀, mílíọ̀nù 14.88 ni yóò dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, nǹkan bíi 67 péré nínú rẹ̀ ló kan ìdì kọ̀ọ̀kan. Ètò tó ní láti kan ilẹ̀kùn ààfin, kó dúró, kó gba ẹrù, kó tún padà, kò lè bá irú eré bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ Intel ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí DPDK ní ọdún 2010, èyí tó ń jẹ́ kí ètò ìgboro máa gba ìdì lọ́wọ́ káàdì fúnra rẹ̀, láìya ààfin rárá.

Ìdí kẹta ni ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yá ènìyàn ní kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ni wọ́n máa ń pín fún oníbàárà púpọ̀, tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan yóò sì máa rí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ńlá náà. Oníbàárà mìíràn a fẹ́ kí káàdì kan jẹ́ tòun nìkan, kí dráífà òun máa darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò pátápátá ni oníbàárà yìí jẹ́ sí onílé, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù

Ẹlòmíràn lè wá sọ pé, bí dráífà bá ti wà ní ìgboro, tí MMU sì ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń ṣọ́ àwọn yòókù, ṣé ọ̀rọ̀ kò ti tán? Kò tíì tán rárá, nítorí ohun kan tí wọ́n ń pè ní DMA.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo báìtì láti ara ẹ̀rọ lọ sínú mẹ́mórì, bí ìgbà tí baálé ilé bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ru ẹrù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkókò ṣòfò púpọ̀ nínú rẹ̀. DMA ni ọ̀nà tí wọ́n gbà tún un ṣe: dráífà yóò sọ fún káàdì pé, "Bí ìdì bá dé, gbé e sí nọ́ńbà báyìí nínú mẹ́mórì," káàdì yóò sì gbé e síbẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń ṣe nǹkan mìíràn. Láìsí DMA, kò sí kọ̀ǹpútà òde òní kankan tí yóò yára bó ṣe ń yára yìí.

Àmọ́ nọ́ńbà gidi ni káàdì ń lò. Kì í gba iwájú MMU kọjá, nítorí pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà nìkan ni MMU ń ṣọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí káàdì ṣe rí gan-an nìyẹn. Kò mọ ààfin yàtọ̀ sí ìgboro; ohun tí dráífà bá ti rán an ni yóò ṣe.

Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí. Dráífà tó ń gbé ní ìgboro kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ohun inú ààfin, ṣùgbọ́n ó lè rán káàdì lọ síbẹ̀. Ó lè ní kó lọ ka kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó wà nínú mẹ́mórì ètò mìíràn wá. Ó lè ní kó lọ kọ nǹkan lé ara kernel lórí. Kò tilẹ̀ di dandan kí dráífà náà jẹ́ ọ̀daràn. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣi nọ́ńbà kan péré kọ, ìdì tó bá dé láti orí nẹ́tíwọ̀kì lè balẹ̀ sí àárín ààfin, kí gbogbo ìlú sì dà rú. Nítorí náà, kíkó dráífà lọ sí ìgboro nìkan kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. A ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀gá, a sì fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa wọlé, kó máa jáde.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, nígbà tí Linux 2.6.23 jáde, wọ́n fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní UIO kún un, èyí tó fún dráífà láàyè láti máa gbé ní ìgboro. UIO wúlò fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú ilé iṣẹ́ tí kò ní DMA ṣe. Ṣùgbọ́n kò ní ìdáàbòbò kankan lórí ọ̀rọ̀ DMA, ẹni tó jẹ́ alákòóso kọ̀ǹpútà pátápátá nìkan ló sì bójú mu kó fi í lé lọ́wọ́.

Bí oníbodè ṣe ń ṣiṣẹ́

Láyé àwọn baba wa, oníbodè máa ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú. Àlejò kò lè ṣàdéédéé kọjá. Yóò sọ ẹni tó jẹ́ àti ibi tó ń lọ, bí ó bá sì jẹ́ oníṣòwò, yóò san owó ibodè. Ohun tí IOMMU ń ṣe láàárín ẹ̀rọ àti mẹ́mórì nìyẹn.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Àwọn kọ̀ǹpútà SPARC ti ilé iṣẹ́ Sun ti ní irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Nígbà náà, ohun tí wọ́n ń wá jù lọ ni bí ẹ̀rọ tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kúrú yóò ṣe dé ibi tó jìn nínú mẹ́mórì. Ẹ̀rọ tó mọ àdírẹ́ẹ̀sì oníbíìtì 32 nìkan kò lè kọjá gígábáìtì mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí oníbodè bá ń bá a tún nọ́ńbà kọ, ó lè dé ibikíbi. Ní ọdún 2006, Intel àti AMD gbé ìlànà IOMMU tiwọn jáde fún irú kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò. Intel pe tirẹ̀ ní VT-d, ti AMD sì ń jẹ́ AMD-Vi. Ilé iṣẹ́ Arm, tó ń ya àwòrán ọpọlọ inú ọ̀pọ̀ fóònù, ń pe tirẹ̀ ní SMMU.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí ọ̀nà PCI, tó jẹ́ òpópónà ńlá inú kọ̀ǹpútà, ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbíìtì 16, tó ń sọ òpópónà tó wà, ojúlé tó wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ wọ inú mẹ́mórì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yìí yóò bá ẹrù rẹ̀ rìn. IOMMU yóò wo nọ́ńbà náà, yóò ṣí ìwé tí kernel kọ nítorí ẹ̀rọ yẹn, yóò sì wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ dárúkọ. Bí ó bá wà nínú ìwé, yóò fi nọ́ńbà gidi rọ́pò rẹ̀, yóò sì jẹ́ kó kọjá. Ìwé náà tún ń sọ bóyá kíkà nìkan ni àṣẹ wà fún, tàbí kíkọ náà. Bí àdírẹ́ẹ̀sì kò bá sí nínú ìwé, tàbí tí ẹ̀rọ fẹ́ kọ nǹkan síbi tí àṣẹ kíkà nìkan wà, IOMMU yóò dá ẹrù náà nù, yóò sì fi ẹjọ́ sun kernel.

Kí a wá sọ pé dráífà inú ìgboro ní kí káàdì lọ sí ààfin. Káàdì yóò gbọ́ràn bó ṣe máa ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ẹnu ibodè, oníbodè yóò wo ìwé, kò ní rí ààfin níbẹ̀, yóò sì dá a padà. Ọwọ́ ọ̀gá kò dé ààfin, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà kò sì dé ibẹ̀ mọ́.

VFIO: àdéhùn láàárín ààfin àti ìgboro

Oníbodè nìkan kò tó. Ó yẹ kí ìlànà wà tí ètò ìgboro yóò máa gbà bẹ kernel pé kó kọ orúkọ òun sínú ìwé oníbodè. Nínú Linux, VFIO ni ìlànà náà. Tom Lyon ti ilé iṣẹ́ Cisco ló kọ́kọ́ gbé e wá ní ọdún 2010. Alex Williamson ti ilé iṣẹ́ Red Hat ló tún un kọ, ó sì wọ inú Linux 3.6 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012.

Ohun mẹ́ta ni VFIO ń ṣe tí UIO kò ṣe. Àkọ́kọ́, kì í jẹ́ kí ètò ìgboro dárúkọ nọ́ńbà gidi. Ètò náà yóò mú lára mẹ́mórì tirẹ̀, yóò sì sọ fún kernel pé, "Jẹ́ kí káàdì mi lè dé ibí yìí." Kernel yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mẹ́mórì náà jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, yóò kan ojú-ewé náà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣí i nípò, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé oníbodè. Ìwọ̀n tí ètò lè kàn mọ́lẹ̀ báyìí ní òté, kí ẹnì kan má bàa gba gbogbo mẹ́mórì ìlú.

Ìkejì, VFIO ń wo àwọn ẹ̀rọ ní agbo agbo. Lóòótọ́, àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń gbé lẹ́yìn afárá kan náà lórí òpópónà PCI, tí wọ́n sì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìdé ọ̀dọ̀ oníbodè. Bí a bá fi ọ̀kan nínú wọn lé àlejò lọ́wọ́, tí a sì fi èkejì sílẹ̀ fún ààfin, àlejò lè gba ara ẹ̀rọ tirẹ̀ yọ ẹ̀rọ ààfin lẹ́nu. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀rọ inú agbo kan ni dráífà ààfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kí VFIO tó gbà láti fi ọ̀kankan nínú wọn lélẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbìyànjú láti fi káàdì àwòrán fún kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ló ti kọsẹ̀ níbí, tí wọ́n rò pé VFIO ló ń ṣe agídí. Kì í ṣe agídí. Kò fẹ́ fọwọ́ sí ìdáàbòbò tí kò sí ni.

Ìkẹta ni ti àmì tí ẹ̀rọ fi ń kan ilẹ̀kùn ọpọlọ kọ̀ǹpútà nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lára àwọn ẹ̀rọ òde òní, kíkan ilẹ̀kùn yìí kò ju pé kí ẹ̀rọ kọ nǹkan sí àdírẹ́ẹ̀sì pàtàkì kan. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá lè rán ẹ̀rọ níṣẹ́ lè mú kó kan ilẹ̀kùn lórúkọ ẹ̀rọ mìíràn. Ní ọdún 2011, Rafal Wojtczuk àti Joanna Rutkowska, àwọn onímọ̀ ará Póláǹdì, fi hàn pé ènìyàn lè gba ọ̀nà yìí yẹ oníbodè Intel sílẹ̀, bí apá tó ń yẹ ìkànlẹ̀kùn wò kò bá sí lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí VFIO kì í fi í fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní apá náà, àyàfi bí alákòóso bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba ewu rẹ̀.

Láti ìgbà tí Linux 6.2 ti jáde ní oṣù kejì ọdún 2023, ètò mìíràn tó ń jẹ́ iommufd ti wọ inú kernel. Òun ni wọ́n ṣe kí ọ̀rọ̀ ìwé oníbodè lè wà lójú kan, kí VFIO àti àwọn ètò mìíràn lè jọ máa lò ó.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí oníbodè kò sí

Ẹ má ṣe rò pé àlá lásán ni gbogbo èyí. Ní ọdún 2004, Maximillian Dornseif, onímọ̀ ará Jámánì, fi hàn pé iPod tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ ihò FireWire lè ka ohun tó wà nínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà náà. Ní ọdún 2006, Adam Boileau, ará New Zealand, fi hàn pé ènìyàn lè gba ọ̀nà yìí kan náà wọ Windows XP tí wọ́n ti tì pa, láì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Àṣẹ DMA ni wọ́n lò. FireWire ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe dá a. Kò sí oníbodè níbẹ̀ ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cambridge, Yunifásítì Rice àti SRI International gbé ìwádìí tí wọ́n pè ní Thunderclap jáde. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń díbọ́n bí káàdì nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n sì so ó mọ́ ihò Thunderbolt, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wọ́n lówó. Wọ́n rí i pé oníbodè wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n wọn kò jí i sẹ́nu iṣẹ́. Níbi tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá, wọ́n ṣì rí ọ̀nà gbà, nítorí pé ìwé tí wọ́n kọ fún un fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọdún 2020, Björn Ruytenberg ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Eindhoven fi hàn nínú ìwádìí Thunderspy pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí olówó rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó fún ọ̀daràn láti dé inú rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi oníbodè ṣọ́ láti ilé iṣẹ́ ni ìyọnu náà mọ níwọ̀n fún.

Ohun tí oníbodè kò lè ṣe

Ó yẹ kí a sọ òótọ́: oníbodè kì í ṣe Ọlọ́run. Ojú-ewé ojú-ewé ló ń ka mẹ́mórì, kò sì lè gé ojú-ewé kan sí méjì. Ìdì orí nẹ́tíwọ̀kì kì í sábà ju báìtì 1,500 lọ, báìtì 4,096 sì ni ojú-ewé kan. Bí kernel bá fi ohun mìíràn sí ìyókù ojú-ewé náà, ẹ̀rọ yóò rí i. Lára ọ̀nà tí Thunderclap gbà nìyẹn.

Yíyẹ ẹrù wò sì ń gba àkókò. Kí iṣẹ́ lè yá, oníbodè máa ń há àwọn ìdáhùn tó ti wò tẹ́lẹ̀ sórí. Bí kernel bá gba àṣẹ padà lọ́wọ́ dráífà inú ààfin, Linux lè fi àkókò díẹ̀ sílẹ̀, nǹkan bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, kó tó ní kí oníbodè gbàgbé ìdáhùn àtijọ́. Láàárín àkókò kékeré yìí, ìlẹ̀kùn tí a ti tì lórí ìwé kò tíì tì lójú ọ̀nà. Alákòóso tó bá fẹ́ lè yí ètò náà padà kí títì máa wáyé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n yóò san án nínú ìyára.

Ọ̀nà ẹ̀yìn kan tún wà. Nítorí àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kò ní IOMMU, wọ́n fi ọ̀nà kan kún VFIO nínú Linux 4.5 ní ọdún 2016, èyí tí kì í lo oníbodè rárá. Àwọn tó ṣe é kò fi bò. Bí ènìyàn bá lò ó, kernel yóò fi àmì àbàwọ́n sí ara rẹ̀ lára, kí ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà lè mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé dráífà tó wà ní ìgboro láìsí oníbodè kò yàtọ̀ sí èyí tó wà láàfin. Ibùgbé rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ẹ wo tiyín

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows 10 tàbí Windows 11, ẹ ṣí ètò tó ń jẹ́ System Information, kí ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ Kernel DMA Protection sí. Bí wọ́n bá kọ On síwájú rẹ̀, oníbodè ń ṣọ́ àwọn ihò ìta lára kọ̀ǹpútà yín. Microsoft fi í sí Windows 10 ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú àkókò náà kì í sábà ní in. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Linux, ẹ wo inú àpò fáìlì /sys/kernel/iommu_groups. Bí ó bá ṣófo, oníbodè kò sí lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ bá rí i pé kò sí, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n pa á. Ẹ wọ inú ètò BIOS nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí, kí ẹ wá VT-d bí ọpọlọ rẹ̀ bá jẹ́ ti Intel, tàbí IOMMU bí ó bá jẹ́ ti AMD, kí ẹ sì tàn án. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní àwọn ọjà bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà lè ti pa á, bí kò bá tilẹ̀ dàgbà ju ẹni tó lè ní in lọ. Kí ẹ tó sanwó, ìbéèrè kan tó yẹ kí ẹ fi kún ti bátìrì àti ti dísìkì nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà kò bá sì ní in rárá, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, ẹ má sì fi ohun tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá sínú ihò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ètò kíkọ, tiyín tún wúwo ju èyí lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kọ dráífà sí ìgboro, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ tó fẹ́ rán níṣẹ́. Ìlú tó ní odi gíga tí kò ní oníbodè, odi ló kọ́, kò tíì ní ààbò.